Káńtà Kan, Igba Ẹ̀ka

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tó wà nípò, tó bá ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, ẹni tó fẹ́ sín á dá a dúró, ẹni tó ń jẹun á gbé e mì láìjẹ ẹ́. Òun ni Ọ̀gá Àgbà Àjọ Tó Ń Mójú Tó Báńkì. Oyè yẹn kò tó o. Ó ní kí wọ́n fi Olùdásílẹ̀ Ìdàgbàsókè kún un. Nígbà tó di oṣù kejì, ó tún ní kí wọ́n fi Baba Owó kún un. Nígbà tó yá, ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i ní láti ra ìwé méjì, ọ̀kan fún oyè, èkejì fún ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá tán, Àlùmọ́gàjí ni gbogbo wa ń pè é, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ báńkì ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta péré la ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tò sí òpópónà kan náà ní olú-ìlú. Ẹni tó ń gbé ọ̀nà jíjìn tó bá fẹ́ fowó pamọ́, á wọ ọkọ̀ lánàá, á débẹ̀ lónìí, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la. Ọ̀pọ̀ èèyàn kúkú fi owó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ń bá wọn jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ìjọba ní kí ẹni tó bá lágbára dá báńkì sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, báńkì mẹ́ta di mẹ́tàlélógún. Ohun dáadáa ni, ẹ má jẹ́ kí n bà á jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rí ẹni yá wọn lówó ra irinṣẹ́. Iṣẹ́ Àlùmọ́gàjí ò sì ju kó máa ka ìwé àwọn báńkì wọ̀nyí lọ, kó mọ èyí tó dúró dáadáa àti èyí tó fẹ́ dojú dé.

Ìwé kíkà yẹn gan-an ni kò bá a lára mu. Ó ka ti báńkì kan dé ojú ewé kẹta, oorun gbé e lọ. Ọjọ́ kejì ni báńkì mìíràn pè é kó wá ṣí ẹ̀ka tuntun fún wọn. Wọ́n gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó gé ríbọ́ọ̀nù pupa, èèyàn pàtẹ́wọ́, fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ha, orí rẹ̀ wú. Ó ká ríbọ́ọ̀nù náà sápò, ó mú un délé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, ó ń wò ó títí ọbẹ̀ fi tutù. Láti ọjọ́ náà, kò ṣí ìwé báńkì kankan mọ́.

Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe àlùmọ́gàjí tirẹ̀, kí wọ́n fi omi wúrà kùn ún. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí onígíláàsì kan sí ọ́fíìsì rẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó gbogbo ríbọ́ọ̀nù tó bá gé sí, yáàdì méjì méjì, pẹ̀lú orúkọ ìlú lára ìkọ̀ọ̀kan. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ á pé jọ síwájú àpótí. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wọn ríbọ́ọ̀nù lọ, owó oṣù rẹ̀ sì ju ti ẹni tó ń ka ìwé. Á na okùn ìwọn-aṣọ, á ké pé, "Ìdàgbàsókè ńkọ́?" Gbogbo wọn á dáhùn pé, "Ó tún gùn sí i." Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá tí fáànù rẹ̀ kì í yí.

Ó wá pe gbogbo olórí báńkì jọ. Ó jẹ́ kí wọ́n dúró fún wákàtí méjì kó tó wọlé, kí wọ́n lè mọyì ìwọlé rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "wọ́n ní kí n máa ka ìwé. Kí ni ìwé? Ìwé ń purọ́. Ríbọ́ọ̀nù kì í purọ́. Lọ́dún tó kọjá, ètò báńkì wa gùn ní ọgọ́fà yáàdì. Lọ́dún yìí, mo fẹ́ kó gùn ní irinwó. Báńkì tí kò bá fún mi ní ríbọ́ọ̀nù kan lóṣù, owó ìtanràn ń bẹ. Tó bá pé ọdún kan tí kò fún mi, mo máa gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìdàgbàsókè tí mi ò bá lè gé, kì í ṣe ìdàgbàsókè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, kí ni kí wọ́n ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn ti fà ro. Ẹ̀ka báńkì kì í ṣe àgọ́ tí èèyàn ń ta lójúmọ́ kan. Ó nílò ilé tó lágbára, àpótí irin, kaṣíà, ọlọ́dẹ, iná, àti pàápàá, àwọn èèyàn tó lówó tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Wọ́n dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n ń wo ara wọn. Àfi ọ̀kan tó ń rẹ́rìn-ín. Olórí báńkì kékeré kan ni, tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-wàhálà, torí èsì tó máa ń fún ẹni tó bá béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kò-sí-wàhálà wakọ̀ lọ sí ìlú kékeré kan, ó bá káfíńtà kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ẹ gbọ́ o: ẹ̀gbọ́n Àlùmọ́gàjí ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Òun ló fi ìfági rán an níwèé, láti kíláàsì kìíní títí dé ibi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí èèyàn dúró fún wákàtí méjì.

"Káńtà ni mo fẹ́," ni Kò-sí-wàhálà wí. "Igi gidi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìṣó. Èèkàn ni kí ẹ fi dè é, kó ṣeé tú, kó ṣeé tò."

"Kí lẹ fẹ́ máa tú u fún?"

"Ẹnu ọ̀nà wa ló kéré, bàbá."

Káfíńtà ti rí ẹnu ọ̀nà kéékèèké tó pọ̀ láyé, kò bi í léèrè mọ́. Ó fi oṣù kan ṣe káńtà náà, èèkàn méjìlá péré ló dè é, ó sì ń dán bí omi. Igi àárín ní ojú kan tó ti jẹrà. Ó gbẹ́ ẹ jáde, ó fi igi funfun róbótó dí i, ó fá a títí ọwọ́ ò fi mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Ojú nìkan ló lè mọ̀.

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé kò sí ẹnu ọ̀nà tó kéré níbì kankan. Kò-sí-wàhálà á háyà yàrá kan nílùú kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn agbẹ́rù á fi ọ̀dà kun iwájú rẹ̀, wọ́n á to káńtà, wọ́n á gbé pátákó kọ́. Àlùmọ́gàjí á dé, á gé, á sọ̀rọ̀, á lọ. Tí eruku mọ́tò rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, òòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, èèkàn méjìlá á jáde, káńtà á wọ inú lọ́rì, ó di ìlú kejì. Kí awakọ̀ má bàa ṣìnà, wọ́n á fi ẹfun kọ orúkọ ìlú tó kàn sí abẹ́ káńtà. Tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, wọ́n á fa ìlà gba orí rẹ̀, wọ́n á kọ òmíràn sísàlẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn báńkì mìíràn fi gbọ́. Wọ́n bẹ Kò-sí-wàhálà, wọ́n ń háyà káńtà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Pátákó nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Báńkì méjìlá nínú mẹ́tàlélógún ló fi ọ̀nà yìí dàgbà. Àwọn mọ́kànlá tó kù ní àwọn ò lè ṣe irú ẹ̀, wọ́n ń san owó ìtanràn, wọ́n ń kọ́ ilé wọn díẹ̀díẹ̀, Àlùmọ́gàjí sì ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ ní gbangba.

Kaṣíà kan ṣoṣo ló ń bá káńtà náà rìn. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ ló ń wá. Lónìí á wọ wíìgì, lọ́la á di irun rẹ̀ sẹ́yìn, lọ́túnla á fi gíláàsì sójú. Kò yẹ kó dààmú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ọ̀gá wa kì í wo ojú èèyàn, ríbọ́ọ̀nù ló ń wò.

"Ọmọ mi, ọjọ́ mélòó lo ti wà níbí?" ni Àlùmọ́gàjí máa ń bi í.

"Òní ni mo bẹ̀rẹ̀, sà."

Ó béèrè bẹ́ẹ̀ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, obìnrin náà ò sì purọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó yá, ọ̀gá rántí ìlú rẹ̀. Ó ní òun ò lè máa gé ríbọ́ọ̀nù káàkiri kí ìlú tí wọ́n ti bí òun má ní tirẹ̀. Kò-sí-wàhálà ní kò sí wàhálà. Lọ́rì dé, pátákó gòkè, gbogbo ìlú jáde. Àlùmọ́gàjí dúró lórí àga, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi orúkọ bàbá mi búra, báńkì yìí ò ní kúrò níbí títí ayé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú. Òun ni alága ẹgbẹ́ káfíńtà ìlú náà, ogójì èèyàn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ ìfági, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń fá gbogbo igi, èjìká àgbàlagbà kan nínú wọn ò sì gbé sókè mọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ti ní òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Abẹ́ àga alága ni owó náà wà, kò sì rí oorun sùn mọ́. Ó wọnú yàrá, ó rí káńtà, ó rí igi funfun róbótó láàárín rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé," ó sọ fún àwọn tó tẹ̀ lé e. "Ẹni tó bá ra irú igi yìí, ó fẹ́ jókòó ni."

Ó lọ gbé owó wá. Kaṣíà wò ó, ó wo owó, ó rọra sọ pé, "Bàbá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀?" Irú owó bẹ́ẹ̀ ò fẹsẹ̀ kan káńtà náà rí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní oníbàárà níbẹ̀, èèyàn tí wọ́n háyà ni, ìwé lásán ló wà nínú àpò wọn. Kò-sí-wàhálà fi ojú sọ fún un pé kó gbà á. Àlùmọ́gàjí gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra, kámẹ́rà tàn.

Ọjọ́ kẹta, àgbàlagbà eléjìká yẹn kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Inú yàrá mọ́ fónífóní. Ihò ìṣó pátákó nìkan ló ṣẹ́kù lára ògiri. Ó lọ bá alága ní ṣọ́ọ̀bù.

"Alága, báńkì dà?"

Kò sí ẹni tó bú alága. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Wọ́n kàn padà sídìí igi wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ fá a, kò sì sí ẹni tó wo ojú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, alága wọ ọkọ̀ lọ sí olú-ìlú. Ní ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀, akọ̀wé ní, "Ìwé ìyìn yín dà?"

"Ìwé kí ni?"

"Ẹ ó kọ́kọ́ yin ọ̀gá ní odidi ojú ewé kan, kí ẹ tó sọ tẹnu yín."

Káfíńtà gba bírò, ó kọ ọ́ pé: Kékeré, o káre, mo fẹ́ rí ọ. Akọ̀wé ní kò tó. Ó fi "gan-an" sí i. Akọ̀wé ní ta ni Kékeré? Ó ní, "Ẹ sáà mú un wọlé."

Nígbà tó jókòó tán, ó ro gbogbo rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Àlùmọ́gàjí rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọmọdé. Ó mú un dé ìdí àpótí onígíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ibí. Ríbọ́ọ̀nù ìlú wa nìyí, yáàdì méjì, orúkọ wà lára rẹ̀. Ẹ̀ka wa wà."

"Mo ní yàrá náà ṣófo."

"Yàrá lè ṣófo. Ríbọ́ọ̀nù ò lè ṣófo."

"Owó ogójì èèyàn ló wà níbẹ̀, Kékeré. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni oníẹ̀rọ ń bọ̀."

"Owó ò sọnù. Ó ti wọnú ìdàgbàsókè." Ó fọwọ́ lé e léjìká. "Ọ̀la là ń ṣí ẹ̀ka tó pé igba. Mínísítà ń bọ̀, àwọn olówó láti òkè òkun ń bọ̀. Ẹ wá jókòó níwájú, kí ẹ rí nǹkan tí àbúrò yín dà."

Bó ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ pè é nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti to àga sí iwájú ilé funfun kan. Ríbọ́ọ̀nù òní gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mínísítà jókòó láàárín, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn àlejò márùn-ún jókòó tì í, wọ́n fẹ́ kó owó wá sínú ètò báńkì wa, ìwé kékeré wà lọ́wọ́ wọn. Àlùmọ́gàjí sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó ní kí òun tó dé, owó ò mọ̀ pé owó ni òun. Ó ní oòrùn pàápàá ti ń yọ síwájú àsìkò láti wá wo ẹ̀ka tuntun. Ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó ká a mọ́ ọwọ́, wọ́n wọlé.

Mínísítà fọwọ́ pa káńtà náà. "Iṣẹ́ yìí dára. Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, mà," ni káfíńtà wí láti ẹ̀yìn.

Inú Àlùmọ́gàjí dùn dé ọ̀run. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ọmọ ìyá mi. Ìdílé wa ló ru ìdàgbàsókè yìí."

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ̀ka mélòó lẹ ṣe irú rẹ̀ fún?"

"Igba, mà," ni Àlùmọ́gàjí yára dáhùn.

"Ọ̀kan ni, mà," ni káfíńtà wí. "Ọ̀kan péré ni mo kàn. Òun náà rèé. Ó wà nílùú wa lóṣù tó kọjá. Igi funfun yìí, èmi ni mo fi dí i."

Àlùmọ́gàjí rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ má dá a lóhùn, àgbà ti ń dé. Káfíńtà ò bá a jiyàn. Ó fa òòlù rẹ̀ yọ nínú àpò, torí kì í lọ síbì kankan láìmú un dání, ó gbá èèkàn kìíní, ó jáde. Ó gbá èkejì. Kò-sí-wàhálà ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́dẹ mínísítà ló kún ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà náà wá kéré lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èèkàn kejìlá jáde, káfíńtà dojú káńtà délẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹfun kún abẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Orúkọ ìlú, ìlà lórí rẹ̀. Orúkọ ìlú, ìlà lórí rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ni wọn ò tíì fa ìlà sí, ibi tí wọ́n dúró sí gan-an ni. Mínísítà tẹ̀ba, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kaṣíà ṣí wíìgì kúrò lórí, ó gbé e sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀gá wa pa ẹnu mọ́. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin àlejò wa, ohun tí mo pa mọ́ láti fi yà yín lẹ́nu nìyẹn. Báńkì arìnrìn-àjò. A ò dúró de aráàlú mọ́, à ń tọ̀ wọ́n lọ." Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́? Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, òmíràn ti ń pàtẹ́wọ́. Mínísítà pàápàá gbójú sókè bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ sí i.

"Kékeré," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, kò pariwo, "tó bá jẹ́ pé ó ń rìn, ó ti mọ ọ̀nà ilé wa. Kí ló dé tí kò padà wá?"

Àlùmọ́gàjí tún ń ká ríbọ́ọ̀nù náà mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Owó wa ńkọ́?"

Kaṣíà ló dáhùn. "Bàbá, ẹ má bínú. Òun la fi ra epo lọ́rì, òun la fi kọ pátákó. Ríbọ́ọ̀nù òní yìí náà, owó yín la fi rà á."

Gbogbo ojú lọ sí ọwọ́ Àlùmọ́gàjí, níbi tó ká ríbọ́ọ̀nù náà mọ́. Ó ń wá bó ṣe máa tú u kúrò, ó ta kókó. Àlejò tó ń kọ̀wé pa ìwé rẹ̀ dé.

Mínísítà ò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ kó ìwé gbogbo báńkì wá fún mi lọ́la. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kà á sí mi létí." Lọ́jọ́ kejì, Àlùmọ́gàjí kà á dé ojú ewé kẹta. Kò mọ ohun tó wà ní ìkẹrin. Ní ọ̀sán, wọ́n ti yọ ọ́ nípò, gbogbo oyè rẹ̀ pọ̀ débi pé ìwé ìyọnípò náà di ojú ewé méjì. Wọ́n mú Kò-sí-wàhálà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a sì gbọ́ pé nígbà tí wọ́n ní kó san owó padà, èsì kan náà ló fún wọn. Wọ́n ti báńkì méjìlá yẹn pa. Àwọn mọ́kànlá tó ń san ìtanràn ló ṣẹ́kù, àwọn ló sì di ètò báńkì wa títí di òní.

Wọ́n ta ilé àti mọ́tò ọ̀gá, wọ́n pín owó rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìdá méjì nínú mẹ́ta owó wọn ló padà sọ́wọ́ àwọn káfíńtà. Ẹ̀rọ tuntun ò ṣeé rà mọ́, wọ́n ra àlòkù tó máa ń wúkọ́ kó tó dáhùn. Ẹ̀gbọ́n dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́, ó ní àbúrò òun ló máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ san ìdá kan tó kù, ní ṣọ́ọ̀bù òun, lójú gbogbo wọn. Ó lọ mú un wá. Àlùmọ́gàjí gbé àpótí kan dé, ríbọ́ọ̀nù ló wà nínú rẹ̀, irinwó yáàdì. Àwọn káfíńtà fi ń di igi.

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n gbé sáńpépà fún un, odidi róòlù kan.

"Gé e sí ogójì."

Ó fi ọwọ́ sápò, ó yọ àlùmọ́gàjí oníwúrà yẹn, òun nìkan ni wọn ò tà. Ó dìde dúró. Ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣe. Ó wúkọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "lónìí, nínú ìtàn ìdàgbàsókè..."

Àgbàlagbà eléjìká yẹn pa ẹ̀rọ. Ogójì èèyàn gbé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ó dúró de àtẹ́wọ́. Ó dúró títí.

"Kékeré," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "gé e."

Ó gé e. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti fi àlùmọ́gàjí gé sáńpépà rí mọ ohun tó ń ṣe sí ojú rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé ìkẹwàá, wúrà ti ṣí. Nígbà tó máa fi dé ogún, kò gé bọ́tà mọ́. Wọ́n tan ẹ̀rọ padà, ó jókòó, ó fi ọwọ́ ya ogún tó kù.